Ọ̀pá Méje fún Ìgbòkun Kan

Nínú ahéré tí wọ́n ti ń to ápù sínú àpótí nígbà ayé bàbá wa,
létí odò Húọ̀n, ní Tasmáníà,
ní oṣù Keje tí yìnyín ń bò koríko lórí,
a tẹ́ ìgbòkun sílẹ̀ bí ẹni tẹ́ ẹní fún àlejò tí kò tíì dé.
Ó pọ́n bí ilẹ̀pa. Ó fẹ̀ ju yàrá tí a dàgbà sí lọ.
Òórùn ápù ṣì wà lára pákó,
ogún ọdún lẹ́yìn ápù tó kẹ́yìn.

Ọ̀pá méje ló wà nílẹ̀, alumíníọ̀mù,
ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ènìyàn mẹ́ta.
Oparun ni àwọn ará Ṣáínà fi ń ṣe é láyé àtijọ́;
ohun tí ọwọ́ tiwa tó nìyí.

Ẹnì kan kò lè dá a ṣe.
Bí o bá di orí ọ̀pá mú níhà òpó,
ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wà nídìí rẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí aṣọ parí sí,
kí ó máa fà á, kí aṣọ má baà hunjọ.
Ìdí tí mo fi pe Ailsa nìyẹn.
Ọdún mẹ́rin ni a kò fi bára wa sọ̀rọ̀.
Ọ̀rọ̀ ilé ìyá wa ni. Ẹ jẹ́ kí n fi mọ síbẹ̀.

"Tì í."
"Ó tó."
"Dà á padà díẹ̀."
"Ìka mélòó?"
"Ìka kan. Àti àbọ̀."
Gbogbo ohun tí a bára wa sọ láàárọ̀ nìyẹn,
dírílì nìkan ló ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ nírù.

Ọ̀pá tó bá ṣí orí sílẹ̀ a máa fi ẹnu gé aṣọ,
nítorí náà a gbọ́dọ̀ dé e ní fìlà.
Ailsa ti gé àwọn fìlà náà wá láti ilé,
róbótó, funfun, mẹ́rìnlá nínú agolo bisikíìtì.
Mo mú ọ̀kan. Ojú rẹ̀ kọ ilà,
ilà wẹ́wẹ́, ọ̀kan ń gun orí èkejì.
Mo mọ ilà yìí. Ọ̀bẹ ìyá wa ló kọ ọ́:
àlùbọ́sà ogójì ọdún, kárọ́ọ̀tì, orí ẹja.
Pátákó ìdáná tí mo wá kiri ilé lẹ́yìn ìsìnkú,
tí mo tìtorí rẹ̀ fi ẹ̀sùn kan ìyàwó Athol.

Mo wo Ailsa.
Ailsa ń wo ríbẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀.
Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi bí omi ṣe ń kún ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tó jò.
Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru.
Mo yí fìlà náà, kí ojú tó kọ ilà lè kọ síta,
mo fi òòlù onígi gbá a wọlé.
"Ṣé ó mú?"
"Ó mú."

A ti kan ọ̀pá kẹta tán
kí a tó rí i pé ìdí rẹ̀ ló wà níbi orí.
Ríbẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ la lu jáde.
Ailsa bú èébú kan tí bàbá wa máa ń bú ẹ́ńjìnnì,
lẹ́yìn náà ó po tíì fún mi.
Ó fi ṣúgà sí i. N kì í mu ṣúgà.
Mo mu ún.

Ní Sátidé a fa okùn.
Ìgbòkun dìde, ọ̀pá lórí ọ̀pá,
bí àdán tí kò mọ̀ pé ojúmọ́ ti mọ́.
Àdán a máa dorí kodò wo ìṣe ẹyẹ;
èyí dúró ṣánṣán, ẹyẹ òkun ló ń wò ó.
Ọ̀pá kẹta wọ́ díẹ̀. A mọ̀. A fi í sílẹ̀.
Funfun mẹ́rìnlá ń ṣẹ́jú ní etí aṣọ.

Mo bi í bóyá àlùbọ́sà ṣì ń rùn lára wọn.
Ó gbé ojú sókè, ó ṣírò nǹkan kan,
ó ní, "Iyọ̀ ṣáà pọ̀ nínú òkun."